Ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ kì mí

Epo máṣíìnì àti ẹja yíyan ni fílátì wa ní Festac máa ń rùn nígbà náà, nítorí pálọ̀ ni mo ti ń ránṣọ, ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa sì ń yan ẹja tó ń tà l'Ágbojú. Ọmọbìnrin mi ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí rí. Kì í ṣe pé ó yadi o. Tí kọ̀ndọ́ dánfó bá ké "Mazamaza, Mile 2, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ", bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló máa tún un sọ délé. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé, "Ṣé ebi ń pa ẹ́?" òun náà á ní, "Ṣé ebi ń pa ẹ́?" á sì máa wo fáànù.

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Lónìí wọ́n ń pè é ní ọ́tísìmù, pé ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lọ́nà tirẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kálukú ló ń sọ tirẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi sọ pé èdè méjì ló dà á lórí rú. "Mummy, ẹ má sọ Yorùbá sí i mọ́. English nìkan." Bàbá rẹ̀, akọ̀wé, fara mọ́ ọn. Èmi tí Gẹ̀ẹ́sì mi kò ju "come" àti "eat" lọ, mo wá di odi nínú ilé ara mi. Ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ ọmọ lẹ́kún? Ó dùn mí gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún mi ní àtàǹpàkò. Mo bú sẹ́kún, ẹkún náà sì ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Ọmọ yìí jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń to rílì òwú. Kò wojú mi. Ohùn tèmi gan-an ló fi sọ̀rọ̀: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn mi dùn. Dákẹ́, ìyá rẹ rèé."

Oríkì ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni, bí mo ṣe máa ń kì í tó bá ń sunkún, kí tíṣà tó fòfin de Yorùbá. Ṣé ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni, àbí ẹkún ló kàn fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀? Bàbá rẹ̀ ní àfarawé lásán ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ nígbà yẹn, n kò sì mọ̀ títí dòní tí ọmọ náà ti ga jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kì, ṣe ló ń dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti dáhùn sí orúkọ ọmọ mi: "Ooo." Ọmọ náà tún un kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti ọmọ mi jọ sọ̀rọ̀.