Iye Géèmù Tí Ẹnì Kọ̀ọ̀kan Rà

Géèmù ni mo fẹ́ rà fún ọmọ àbúrò mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Moróunkẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà. Kò tíì bi mí léèrè iye tí mo fẹ́ ná tó fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èèyàn mélòó ló máa di páàdì géèmù mú nílé yín?" Mo ní mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kó tó nawọ́ sí pẹpẹ.

Ọmọ díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí ni. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò jáde, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Akóredé tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Baṣọ̀run ló mú un lọ sọ́dọ̀ Alàgbà Bándélé tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Pẹpẹ ẹ̀rọ géèmù PlayStation wà lọ́wọ́ Akóredé. Wọ́n fi ti Nintendo sí ìkáwọ́ Moróunkẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn wọra. Dókítà ni Akóredé máa ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í kà.

Ní ọdún kẹrin, onílé gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà padà. Alàgbà pe àwọn méjèèjì, wọ́n ní pẹpẹ kan ṣoṣo ni àyè máa gbà, ẹni tí pẹpẹ rẹ̀ bá sì lọ, iṣẹ́ rẹ̀ náà lọ nìyẹn.

Àwọn oníbàárà wọn tó ní PlayStation jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Àwọn tó ní Nintendo kò ju méjìlélógójì lọ. Lójú ayé, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Alàgbà, ẹni tó ra ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan tí kò yọjú mọ́, kí ló fi sànfààní?" ni Moróunkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká wo iye géèmù tí olúkúlùkù rà lẹ́yìn tó gbé ẹ̀rọ lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alàgbà létí. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì mú ìṣirò wọn wá ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ohun kan ló wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í ra géèmù tuntun. Wọ́n á kó èyí tí wọ́n ti gbá sú wá, wọ́n á fi owó díẹ̀ lé e, wọ́n á gba òmíràn. Pàṣípààrọ̀ la ń pè é. Sídì kan lè wọ ilé mẹ́wàá láti Agbowó dé Ṣàngó. Ṣé títà nìyẹn àbí kì í ṣe títà? Alàgbà kò sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n jáde nínú ìsìn, Akóredé tẹ̀ lé Moróunkẹ́ dé abẹ́ igi máńgòrò.

"Dókítà, o ka pàṣípààrọ̀ mọ́ tìẹ?"

"Mo kà á. Mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Akóredé súfèé. "Yọ ọ́ o! Alàgbà á ní o ń bu omi la ọbẹ̀. Èmi ti yọ tèmi."

"Mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta péré. O ti gbé mi ṣánlẹ̀. Tó o bá wọlé tán, kó o bá mi wáṣẹ́ sí Ring Road."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Moróunkẹ́ yọ pàṣípààrọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀: igba géèmù ó lé méjìléláàádọ́ta fún ẹni méjìlélógójì, mẹ́fà mẹ́fà. Ó tún un kọ sórí ìwé tó mọ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì ya ti àkọ́kọ́ dànù, torí kò fẹ́ kí Alàgbà rí ibi tó ti fagi lé pàṣípààrọ̀. Akóredé ló bá a gba èyí tó ya náà sọ sínú ìdọ̀tí. Títí ilẹ̀ fi mọ́, àánú Akóredé ló ń ṣe é.

Ní ọjọ́ Ajé, Alàgbà ka ti Moróunkẹ́ sókè. "Mẹ́fà." Wọ́n ṣí ti Akóredé. "Méje."

"Méje kẹ̀?" Moróunkẹ́ dìde. "Ó ka pàṣípààrọ̀ mọ́ ọn sà!"

"Mo kà á sà," ni Akóredé dáhùn, kò gbójú sókè. "Ṣé àwọn oníbàárà kì í sanwó lé e ni?"

"Òun ló ní kí n yọ tèmi! Tí a bá yọ ọ́ nínú méjèèjì, mẹ́fà sí mẹ́ta ni. Tí a bá kà á mọ́ méjèèjì, mẹ́sàn-án sí méje ni!"

"Sà, ta ni mí tí màá kọ́ Dókítà ní ìṣirò?"

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Ìwé tó o kọ́kọ́ kọ dà, Moróunkẹ́?"

"Mo ti ya á sà."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí èyí àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni sà."

"Ó dáa. Kó àwọn géèmù Nintendo jọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Iṣẹ́ tó bọ́ kọ́ ló dùn ún jù. Ọwọ́ tí Akóredé nà láti gba ìwé tó ya, bó ṣe rọra rún un pọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ló ń rí lójú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Akóredé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kó má bínú, ìyàwó òun ti lóyún, òun kò mọ ohun tí òun ì bá tún ṣe. Moróunkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá aṣọ akọrin padà fún ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì kọrin níbẹ̀ mọ́.

Moniya ló ń gbé báyìí. Ó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdó ọkọ̀.