Orúkọ Tí Ẹnu Ìyàwó Kì Í Pè

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ agbo ilé ọkọ mi ní Ìṣẹ́ Èkìtì, n kò tíì fi ẹnu mi pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó ti wà nílé náà kí n tó dé. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Àgbà wọn, ọmọdé wọn, ọkùnrin wọn, obìnrin wọn, ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ fún ìyàwó, orúkọ tí ìyàwó bá sì fún wọn ni yóò máa pè wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà tí ó ṣì ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo dé. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Ó ti di olùkọ́ báyìí, ó ti bímọ mẹ́ta, Eyínfúnjowó náà ni. Àbúrò bàbá ọkọ mi, tí ó máa ń bá gbogbo àdúgbò kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ wọn ní ìdálẹ̀ nígbà tí lẹ́tà ṣì wà lóde, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ó fẹ́ràn orúkọ náà débi pé bí mo bá pè é ní Bàbá, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

N kò mọ̀ pé àṣà yìí máa tẹ̀lé mi dé ẹnu iṣẹ́.

Ọmọ kòkó ni mò ń tà. Ilé-iṣẹ́ wa wà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n ń gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú títí yóò fi tó gbé lọ sóko, wọ́n sì tún ń ta oògùn àti ẹ̀rọ tí a fi ń fín oko. Èmi ni mo ni ọ̀nà Ìṣẹ́ àti Ẹmùrẹ́ àti àwọn abà tí ó wà láàárín. Tẹ́lẹ̀, orí mi ni ìwé mi. Mo mọ ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń gba omi dúró, mo mọ ilé tí ó jẹ́ pé ìyàwó ni ó ń pàṣẹ oko, tí ọkọ kàn ń mi orí. Nígbà tí ọ̀gá wa wá gbé áàpù orí fóònù kan dé, tí ó ní kí a máa kọ gbogbo oníbàárà wa sínú rẹ̀, inú bí mi. Ọ̀gá wa kò tó àbúrò mi tí mo gbẹ̀yìn pọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Ó dúró níwájú wa, ó ní, "Ohun tí kò bá sí nínú áàpù, kò ṣẹlẹ̀." Mo sọ nínú ikùn mi pé èmi ti ń jábọ́ lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Ẹmùrẹ́ kí wọ́n tó ronú kan áàpù.

Mo kọ wọ́n sí i ná. Kí n má purọ́, kò pẹ́ tí nǹkan náà fi wọ̀ mí lójú. Àyè kan wà nínú rẹ̀ fún ohun tí ẹ jọ sọ kẹ́yìn, òmíràn wà fún ọjọ́ tí ẹ ó tún ríra, tí fóònù á sì dún bí ọjọ́ náà bá pé. Obìnrin kan ní Ẹmùrẹ́ sọ fún mi nínú ọ̀gbẹlẹ̀ pé bí òjò bá tètè rọ̀, òun máa ṣán ilẹ̀ tí ìyá òun fi sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Òjò rọ̀, fóònù dún, mo gbéra. Nígbà tí mo bi í léèrè ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ ṣì rántí?" Mo ní mo rántí. N kò sọ fún un pé èmi àti fóònù ni a jọ rántí. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ra ọmọ kòkó lọ́wọ́ mi, ojú sì ṣíwọ́ títì mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ gbogbo nǹkan. Ẹni tí orókún ń dùn, tí kò yẹ kí ènìyàn pè jáde láti inú ilé wá. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ọjà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ti Akọ̀wé ni ó gùn jù, nítorí pé òun ni oníbàárà mi àkọ́kọ́, àti nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, láti ìgbà náà kò sì tún fi ẹsẹ̀ kan oko kòkó rẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá odò mọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbin oko náà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Nígbà tí mo ń kọ àwọn ará ilé ọkọ mi sílẹ̀, níbi tí áàpù ti béèrè orúkọ, orúkọ tí mo ń pè wọ́n ni mo kọ. Akọ̀wé. Eyínfúnjowó. Adúmáadán. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó rọrùn fún mi, kò sì ṣe mí bí àṣìṣe rárá. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Nọ́ńbà tèmi ni mo fi sí iwájú gbogbo wọn, ṣebí èmi náà ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Ní àsìkò òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ibà mú ọmọ mi, mo gbé e lọ sí ọsibítù, mo pa fóònù mi. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ni ó bá mi gbé ọmọ kòkó tí agbo ilé wa ti fẹ́ rà wá. Akọ̀wé wà ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, Eyínfúnjowó wà ní ilé ìwé, àwọn yòókù ti lọ sóko. Àwọn ìyàwó bíi tèmi nìkan ni ó bá nílé. Ó béèrè Akọ̀wé lọ́wọ́ wọn, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n ní bóyá ilé kejì. Báwo ni wọn ì bá ṣe mọ̀? Olúkúlùkù ìyàwó ní orúkọ tí òun fún ọkọ. Èyí tí mo ń pè ní Akọ̀wé, Arówóṣayé ni ìyálé mi ń pè é. Ọkùnrin náà kiri títí oòrùn fi mú un, ó pe nọ́ńbà títí, ó sì kó ọjà padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kòkó náà ti rọ kí wọ́n tó délé.

Ọ̀gá wa kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo. Ó ní, "Mà, áàpù yìí kì í ṣe fún ẹ̀yin nìkan. Ó wà kí ẹlòmíràn lè bá yín dé ibi tí ẹ kò bá lè dé." Ó ní kí orúkọ gidi gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ náà ni yóò gba ọ̀nà Ìṣẹ́, yóò sì tún gbogbo wọn kọ. Òótọ́ ni ó sọ, ìyẹn ni ó sì dùn mí jù. Ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, àwọn ènìyàn mi, wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo jókòó ti fóònù. Mo ní ìka kì í ṣe ẹnu, kí n sáà tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ lẹ́tà kan nínú orúkọ gidi Akọ̀wé, mo pa á rẹ́. Mo pe ọkọ mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Òmùò, tí kì í wálé títí di òpin ọ̀sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Lọ bá Akọ̀wé rẹ."

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ bá a lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ níwájú ilé. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó ní kí n bá òun mú awò ojú òun wá. Ó gba fóònù, ó fi ìka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àwọn ọkọ mi, bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń pè é sókè, bí ó sì ti ń pè é ni mò ń wo ibòmíràn. Ó fi nọ́ńbà wọn sí i láti inú ìwé kékeré àpò rẹ̀.

Ó kan tirẹ̀. Mo rí i tí ó sún fóònù mọ́ ojú, nígbà náà ni mo rántí ohun tí mo kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ jù. Ó ti ń kà á: *Má kọ́kọ́ béèrè oko. Jókòó. Jẹ́ kí ó sọ ti ìyàwó rẹ̀ tán. Kì í jẹun dáadáa bí ó bá nìkan jẹun.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, Akọ̀wé. Ẹ má bínú."

"Mo bá gbogbo ulé yìí kọ lẹ́tà," ó ní. "Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ nǹkan kan nípa tèmi rí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé ọ̀gá rẹ máa rí i?"

"Gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń rí."

Ó tún wọ awò, ó yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kí n má baà rí i, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí àyè ìsàlẹ̀ wà fún. Mo ní ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ padà wá rí i ni. Ó fi ọjọ́ kejì sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wa ń wo àkọsílẹ̀ mi ní ọ́fíìsì, mo dúró tì í. Ó débì kan, ó dáwọ́ dúró. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Akọ̀wé ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tèmi pé: *Aya wa máa ń jókòó kí ó tó sọ̀rọ̀ ọjà. Bí ẹ bá rán ẹlòmíràn, ẹ ní kí ó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ má rán ẹlòmíràn. Mo fẹ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ kòkó fún ẹ̀bá odò.*

Mo sunkún níwájú ọmọ tí mo lè bí. Ọ̀gá wa kò sọ ju pé ọ̀nà Ìṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó fi àyè tuntun kan kún áàpù fún gbogbo wa, fún orúkọ tí àwa fúnra wa ń pe oníbàárà.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an, fóònù dún nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, mo yà kí Akọ̀wé. Ó ní kí n gbé fóònù wá, ó sì tún fi ọjọ́ kejì sí i. Bí ó ti ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà náà. Ó ti ń lọ sí oko ẹ̀bá odò báyìí, ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á ti wà lórí bẹ́ǹṣì, á nawọ́ gba fóònù. Ọ̀gá wa béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí oníbàárà kan ṣoṣo fi ń gba ìbẹ̀wò lójoojúmọ́. Mo ní oníbàárà náà ni ó ń yan ọjọ́ fúnra rẹ̀. Mo máa ń gbé oúnjẹ dání lọ, a sì jọ máa ń jẹ ẹ́.