Egbò Tí Jẹ́jẹ́ Fi Pamọ́

Ọdún kejìlélógún rèé tí ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Jẹ́jẹ́ ti jọ ń lo ògiri kan. Bàtà lèmi ń tún ṣe, irun lòun ń gẹ̀. Jẹ́jẹ́ kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fà á, torí bí ẹ bá ti jókòó sórí àga rẹ̀ báyìí, tó ti fi aṣọ bò yín lọ́rùn, ohun tó máa kọ́kọ́ wí ni pé, "Jẹ́jẹ́ ni o, ẹ má mira." Ẹni tó lórí pípá gan-an, jẹ́jẹ́ ló ń sọ fún un. Ẹ má wò ó pé mò ń pè é ní "ó" níbí. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Lójú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni, mi ò jẹ́ dán an wò.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ àbígbẹ̀yìn, tó jẹ́ tíṣà, ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti fi wà lórí ìdúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ń yí àga oníbàárà po. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, wọ́n lọ́ pọ̀ lábẹ́ awọ bí okùn tí wọ́n ká sílẹ̀. Kò kà á sí. Ó ní iṣẹ́ ló kọ orúkọ rẹ̀ sóun lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó fi kókósẹ̀ òsì gbá irin ìdí àga. Awọ bó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ, ó nù ún, ó ń bá irun tó ń gẹ̀ lọ. Mo wà níbẹ̀. A tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àga ń gbẹ̀san gbogbo ìdí tó ti gbé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó gbé bàtà ẹsẹ̀ òsì wá fún mi.

"Àbúrò, bá mi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ti ń há."

Mo ki igi bọ inú rẹ̀, ó sun ibẹ̀ mọ́jú, ó fẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó tún gbé bàtà kan náà dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ti ọ̀tún ńkọ́?"

"Ti ọ̀tún ò ní wàhálà."

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó gbé e wá, mo ki ọwọ́ bọ inú bàtà náà, ó tutù rinrin. Mo gbé e súnmọ́ imú. Ẹni tó ti ń tún bàtà ṣe láti ìgbà èwe, òórùn ẹsẹ̀ wo ni kò tíì gbọ́ rí? Èyí kì í ṣe òórùn ẹsẹ̀. Òórùn ẹran tó ń bàjẹ́ ni.

Kí ni mo wí? Mi ò wí nǹkan kan. Mo fi ọṣẹ fọ inú bàtà, mo sá a sóòrùn, mo dá a padà fún un. Títí dòní, ó ń dùn mí. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu tèmi ló ti máa jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni. Ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà, egbò kékeré kan yọ sí ẹ̀gbọ́n yẹn lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ, kò sì tètè mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní àfi káwọn gé ẹsẹ̀ náà lórúnkún. Ọkùnrin náà ò mọra rẹ̀ mọ́, Jẹ́jẹ́ ló fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n gé e. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó kú. Láti ìgbà náà, bí Jẹ́jẹ́ bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn, òdìkejì títì ló máa ń gbà.

Ló bá fi egbò pamọ́. Sọ́ọ̀kì méjì ló ń wọ̀ léra wọn nínú ooru. Ó ń fín lọ́fínńdà sí ṣọ́ọ̀bù títí àwọn oníbàárà á fi máa sín. A bi í pé ṣé ìyàwó tuntun ló ń bọ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Láràárọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, yóò tú ẹsẹ̀, yóò fi dígí kékeré tó fi ń han àwọn oníbàárà ní ìpàkọ́ wọn wo egbò náà. Ó kọ́kọ́ tó bọ́tìnnì. Ó wá tó ìdérí ìgò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, etí rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, omi ò sì yéé ṣàn níbẹ̀. Ó ń da omi iyọ̀ gbígbóná sí i. Ó ń fọ́ kóró oògùn, ó ń da ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú egbò. Ó padà sọ fún mi pé ọjọ́ tí ẹ̀rù bà á jù kọ́ ni ọjọ́ tó dùn ún jù. Ọjọ́ tí kò dùn ún mọ́ ni. Ó rò pé ẹsẹ̀ ti kú.

Eṣinṣin ló tú àṣírí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà níka rẹ̀.

"Bàbá Oníbàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe bàbá mi lẹ́sẹ̀?"

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

"Eṣinṣin ń tẹ̀ lé wọn kiri inú ilé," ó ní. "Mo rí sọ́ọ̀kì wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti gan bíi pákó. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan àwọn láé. Wọn ò bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí."

Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò wa nígbà náà tí kì í dúró de aláìsàn nílé ìwòsàn. Ojúlé dé ojúlé ló ń lọ, àwọn àgbà tí egbò wọn kọ̀ tí kò jinná ló ń tọ́jú. Ọmọ Jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, Jẹ́jẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà kejì, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ní òun ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀bù ni obìnrin náà gbà wá. Kò sọ ẹni tóun jẹ́. Irun rẹ̀ kéré lórí, ó gbé báàgì ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ bá mi gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo dígí. Kì í ṣe orí ara rẹ̀ ni obìnrin náà ń wò níbẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń gbé ara kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì ló ń wò. Nígbà tó parí, obìnrin náà gbọn irun kúrò lọ́rùn, ó dìde.

"Ó dáa gan-an. Ó wá kàn yín. Ẹ jókòó."

Ó ṣí báàgì. Báńdéèjì kún inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgẹrun bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

Jẹ́jẹ́ wo ẹnu ọ̀nà. Mo ti dìde, mo dúró síbẹ̀. Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò gbèrò rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kúrò.

"Ẹ búra fún mi pé ẹ ò ní gé e."

"Mi ò lè fi nǹkan tí mi ò tíì rí búra," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ohun tí mo lè búra ni pé mi ò ní ṣe nǹkankan láìkọ́kọ́ sọ fún yín."

Mo rò pé irọ́ ló yẹ kó pa fún un. Àṣé òótọ́ yẹn ló máa mú un jókòó.

Sọ́ọ̀kì ti lẹ̀ mọ́ ara, omi ni nọ́ọ̀sì fi rẹ ẹ́ kó tó lè bọ́ ọ. Èmi yíjú sẹ́yìn. Òun ò yíjú, kò sì fọwọ́ bo imú.

"Oṣù mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń dá a tọ́jú?"

"Èmi nìkan ni," Jẹ́jẹ́ ní, omijé ti gba ojú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, ẹnu rẹ̀ dà bíi bírò. Ó ní yóò jẹ́ káwọn gbọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀. Bó bá ń dé ibẹ̀ dáadáa, ọ̀nà wà.

"Bí kò bá dé ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ná, bàbá."

Ó fi nǹkan tútù kan pa ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ lé e. Ẹ̀rọ náà ń hó bíi rédíò tí kò rí ibùdó mú. Ó sún un sí ọ̀tún. Ó sún un sí òsì. Híhó náà ni. Jẹ́jẹ́ di apá àga mú. Èmi ń ka ìṣó tó wà lára ògiri, mo ka á tán, mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti kú," Jẹ́jẹ́ ní. "Ó ti kú, àbí?"

"Ẹ ní sùúrù."

Ó gbé e sẹ́yìn kókósẹ̀. Fùú. Fùú. Fùú. Bí ẹni ń fẹ́ iná.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀yin nìyẹn, bàbá. Ẹ̀jẹ̀ yín nìyẹn."

Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní apá, ó wọ̀n ọ́n ní kókósẹ̀. Ó gún un níka, kò rí àtọ̀gbẹ. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀. "Ọmọ yín ti sọ ti ẹ̀gbọ́n yín fún mi. Tiwọn yàtọ̀. Tiyín, ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, gígòkè padà ló ń ṣòro fún un, torí ìdúró ti dẹ iṣan yín. Báńdéèjì tó fún dáadáa, láti ìdí ọmọ ìka dé abẹ́ orúnkún, òun ló máa tì í gòkè. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má da ẹ̀tù oògùn sí i mọ́."

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń wá. Yóò fọ̀ ọ́, yóò ha èyí tó ti kú kúrò, Jẹ́jẹ́ á sì máa jẹ etí aṣọ tó fi ń bo oníbàárà. Lẹ́yìn orí mẹ́ta tó bá gẹ̀, dandan ni kó gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ǹṣì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rò pé báńdéèjì ti dẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fọkàn tán láyé. Ó tú u, ó tún un wé, ó fà á le. Ó ní bó bá jẹ́ pé fífún ló ń wo egbò sàn, kó kúkú fún dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, èmi ló wà lórí àga. Ó ti gẹ apá ọ̀tún orí mi tán. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lára mọ́."

Mo wo ilẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó yọ síta ti dà bí eérú. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ohùn obìnrin náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ gé báńdéèjì yẹn kúrò! Ẹ má tú u, ẹ gé e! Nísinsìnyí!"

Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ tó ti ń gẹrun fún ọdún mẹ́tàlélógójì kọ̀ jálẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò lè gé e," ó ń sọ. "Èmi kọ́ ló máa gé e. Èmi kọ́."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń wò. Mo dìde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn àti ààbọ̀ irun lórí, mo kúnlẹ̀, mo gba sísọ́ọ̀sì. Awọ ni mo ti ń gé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ṣùgbọ́n awọ bàtà kì í ṣẹ̀jẹ̀. Mo ki ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ báńdéèjì, mò ń gé e lọ díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà kan yọjú, ó rí bàbá tó ń sunkún lórí ìdúró àti aláàbọ̀ irun tó kúnlẹ̀ tòun ti sísọ́ọ̀sì, ó yára padà sẹ́yìn. A ò rẹ́rìn-ín nígbà náà o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni.

Báńdéèjì ṣí. Nọ́ọ̀sì ò tíì sọ fóònù kalẹ̀.

"Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣé àwọ̀ ń padà?"

"Kò padà," mo ní.

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ iye ìgbà. Jẹ́jẹ́ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Lójijì, ó figbe ta: "Ó ń ta mí! Àbúrò, ó ń ta mí!" Mi ò rí ẹni tí ìrora dùn mọ́ nínú báyẹn rí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, èmi rò pé yóò bú wa. Ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi. "Mo sọ bí ẹ ó ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè fún yín, mi ò sọ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún. Mi ò sì fi han ẹnikẹ́ni mìíràn." Láti ọjọ́ náà, ó kọ́ ọmọ Jẹ́jẹ́, ó kọ́ èmi náà: bí wọ́n ṣe ń wé e, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wo ọmọ ìka, nọ́ńbà tí a ó pè. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ń gbé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bí omi lé ojú egbò, ó ń fi bírò fa ìlà etí egbò sí i, ó ń kọ déètì. Oṣù kan gbáko, Jẹ́jẹ́ ò wo ọ̀rá wọ̀nyẹn. Ọmọ rẹ̀ ló kó wọn léra, tó nà wọ́n sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bàbá wò ó, ó tún wò ó. "Ó lè tún fẹ̀," ló wí.

Oṣù keje ìtọ́jú náà ni egbò pa dé. Nọ́ọ̀sì wá béèrè bóyá òun lè máa lo ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ní àwọn àgbà mìíràn wà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígẹrun, ta ló mọ̀ bóyá orí ló gbé wá tàbí ẹsẹ̀? Wọ́n máa ń tó mẹ́fà nísinsìnyí, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ni mò ń fẹ bàtà wọn. Bí mo bá gbóòórùn kan báyìí, mo ń sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ojú egbò tuntun kan là lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà, kò ju orí ìṣó lọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Jẹ́jẹ́ rí i. Ó ti tẹ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì kó tó jókòó. Nọ́ọ̀sì ní òun ń bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí gan-an ni. Jókòó tì mí."

Mo gbé àga mi wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, egbò náà ń sàn, kò tíì pa dé tán.