Ilé tí Bàbá Wa Kọ́ sí Kùmásí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Tàmálè níbí, ilé méjì ni a ní. Ọ̀kan ni ilé alámọ̀ tí à ń gbé ní àdúgbò Aboabo, tí koríko bo orí rẹ̀, tí a sì máa ń rẹ́ ògiri rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Èkejì wà ní Kùmásí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, nítorí ó wà nínú férémù onídígí tí ìyá wa gbé kọ́ sí yàrá rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó ní òpó funfun níwájú, àtẹ̀gùn gbòòrò kan sì ti ilẹ̀ gùn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá wa dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà nínú agbádá, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá pàdé àlejò.

Bàbá wa ti lọ sí Kùmásí kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó ní ọjà yá níbẹ̀ ju ti Tàmálè lọ, pé òun yóò lọ wá ibi tí a ó máa gbé, òun yóò sì ránṣẹ́ pè wá. Ẹnu àwọn awakọ̀ lọ́rì la ti ń gbúròó rẹ̀. Ìyá wa ń ta wórobo ní ọjà: abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, dígí kéékèèké. Èrè tó bá rí níbẹ̀, òrí àti ẹ̀pà ló fi ń rà. A ó dì í sínú àpò, lọ́rì a sì gbé e lọ fún bàbá wa kó lè tà á, kó fi kọ́lé. Iṣẹ́ tó máa ń rán padà ni pé ilé ń lọ sókè, kí ìyá wa má mikàn. Nígbà tó yá ni fọ́tò náà dé. Awakọ̀ tó gbé e wá fi aṣọ wé e bí ìgbà tí ènìyàn di ẹyin.

Ìyá wa kì í ṣe obìnrin tí ń yangàn, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó wọlé wa tí kò ní wo fọ́tò yẹn kó tó mu omi. Àáfà tó ń kọ́ wa ní kéú ti sọ pé màláíkà kì í wọ yàrá tí àwòrán ènìyàn bá wà. Nítorí náà, bí àsìkò ìrun bá ti tó, ìyá wa a yí ojú férémù sí ògiri. Bó bá sálámà tán, á yí i padà, á sì dúró wò ó fúngbà díẹ̀ kó tó ká ẹní rẹ̀.

Àsìkò ogun ńlá àwọn òyìnbó ni onífọ́tò kan dé bá wa. Wọ́n ń gba àwọn ọmọkùnrin sí iṣẹ́ ológun káàkiri ìhà ibí, kò sì sí èyí tí kò fẹ́ fi àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kó tó lọ. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni onífọ́tò yìí, láti ìhà Abẹ́òkúta, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Mài-Hótò, ìyẹn onífọ́tò, ni àwọn ará Sọ́ńgò, àdúgbò àwọn àlejò, ń pè é. Ìyá wa fún un ní yàrá tó kọjú sí títì, ó sì gbà á bí àbúrò rẹ̀. Ìkòkò wa ló ti ń jẹun, ẹ̀kọ mímu tí à ń pè ní kókó láàárọ̀, túwó lálẹ́.

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ìyá wa mú òun náà wá wo fọ́tò. Ó pẹ́ níwájú rẹ̀ ju bí àwọn àlejò yòókù ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ìyá wa bi í bóyá ó bá ọkọ òun pàdé ní Kùmásí, torí ó ti sọ pé òun ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ó ní Kùmásí tóbi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ilé á tura o, Ìyá." Láti ọjọ́ náà, ìyẹn ló di ìkíni rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá wa, á ní ilé á tura, ìyá wa a sì ṣe àmín tọkàntọkàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí mo ṣe fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Òun ni àgbàlagbà àkọ́kọ́ tí mo bi ní ìbéèrè tí kò lé mi lọ. Ó na aṣọ funfun ńlá kan mọ́ igi lẹ́yìnkùlé, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹfun kùn ún títí ó fi le, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà tí igi tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tó lọ jìnnà títí dé ẹsẹ̀ òkè. Níwájú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò máa ń dúró. Ìyá arúgbó Dàgbáńbà kan, ọmọ onílẹ̀ ibí, tó máa ń gbé èso òrí wá fún wa rí i, ó sì rìn yí ẹ̀yìn aṣọ náà ká láti wo ibi tí ọ̀nà náà gbà jáde. Nígbà tó bá ògiri ilé wa níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é. Ó fún mi ní èédú, ó ní kí n ya igbá sórí pákó. Mo ya òbìrípo. Ó ní, "Àwo lo yà yìí. Níbo ni oòrùn wà?" Mo nawọ́ sókè. Ó gba èédú lọ́wọ́ mi, ó fi kun ẹ̀gbẹ́ kejì sí ibi tí oòrùn wà, ó fi ìka pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè rọra mọ́lẹ̀ bó ti ń bọ̀ lápá ọ̀hún, ó sì fi òjìji díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, igbá náà wú jáde lára pákó lójú mi. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n na ọwọ́ gbé e.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ mi. Ó ní ohun tó wà nítòsí ni kí n yà ní ńlá, kí n sì ya èyí tó jìnnà ní kékeré. Ó ní etí ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ máa súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà gidi kì í pàdé. Ó ní òkè tó jìnnà kì í dúdú, pé eruku àti afẹ́fẹ́ ló ń fọ̀ ọ́. Mo bá wo ọ̀nà tó lọ sí Kpalsi, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó tẹnu mọ́ jù ni òjìji. Lọ́jọ́ kan ó mú mi lọ sí iwájú ilé ìtajà òyìnbó kan tó ní àtẹ̀gùn símẹ́ńtì, ó ní kí n dúró nísàlẹ̀ kí n wo òjìji mi bó ti ń gun òkè. Òjìji mi ṣẹ́ ní gbogbo ipele, ó ká bí aṣọ tí ènìyàn tẹ́ sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Òjìji kì í parọ́. Ohun tó bá bá lọ́nà ló ń tẹ̀ lé." Inú mi dùn débi pé mo ń wo òjìji gbogbo ènìyàn kiri ọjà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni ìyá wa pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá wa kò tíì ránṣẹ́ pè wá, ṣùgbọ́n ó ní obìnrin kì í dúró de ìpè kó tó lọ gbé ilé ọkọ rẹ̀. Ó fi ibi tó ń jókòó sí lọ́jà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ta wórobo rẹ̀ pátá, ó sì bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Onífọ́tò gbọ́ gbogbo ètò yìí. Ó ràn wá lọ́wọ́ láti di ẹrù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ní ilé á tura.

Ìyá wa ní kí n nu férémù náà kí a lè fi gèlè wé e. Mo gbé e jáde sínú oòrùn. N kò gbé e jáde sí ìta rí. Bí mo ṣe ń nu dígí rẹ̀, ojú mi lọ sára òpó ilé náà: apá òsì ni òkùnkùn wà, ìyẹn ni pé oòrùn ń bọ̀ láti ọ̀tún. Mo wo ojú bàbá wa. Apá ọ̀tún ló ṣókùnkùn níbẹ̀, bíi pé òsì ni oòrùn tirẹ̀ ti ń bọ̀. Mo wá wo òjìji bàbá wa níbi tó ti ṣubú sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn rẹ̀. Gbọnrangandan ló gun àtẹ̀gùn náà lọ. Kò ṣẹ́ níbì kankan. Ó tẹ́ bí òjìji tó ṣubú sórí aṣọ tí a sá sórí okùn.

N kò lọ bá ìyá mi. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ mi ni mo lọ. Mo gbé férémù lé e lórí ẹsẹ̀, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí òjìji bàbá mi kò ṣẹ́?"

Kò wo fọ́tò náà rárá. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Má sọ fún ìyá rẹ."

Ìgbà yẹn ni ara mi tutù, nítorí mo ti rò pé ẹnu yóò yà á bíi tèmi. Mo bi í pé ṣé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní òun lòun ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà sórí aṣọ ní Kùmásí, òun náà lòun ya fọ́tò bàbá wa níwájú rẹ̀. Ó ní àìmọye ọkùnrin ló ti dúró níbẹ̀, olúkúlùkù sì mọ ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. N kò gbọ́ ìyókù. Mo gba férémù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé lọ bá ìyá mi, mo sì sọ fún un.

Kò pariwo, kò sì nà mí. Ó ní kí n fi ohun tí mo rí han òun. Mo mú un lọ sí iwájú ilé ìtajà òyìnbó yẹn. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú férémù lọ́wọ́, ó wo òjìji ara rẹ̀ bó ti ń ká lórí símẹ́ńtì, ó sì wo ti ọkọ rẹ̀ nínú dígí. Ó sún sọ́tùn-ún, ó sún sósì. Àwọn tó ń jáde nínú ilé ìtajà ń yà fún un. Nígbà tó ṣe, ó fi ìborùn rẹ̀ bo férémù náà, a sì padà sílé.

Onífọ́tò ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ìyá wa jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Ó bi í ohun tó kù tí ó mọ̀, ó sì sọ ọ́, torí kò sí ibi tó lè sá gbà mọ́. Yàrá kan ni bàbá wa háyà ní Kùmásí, ó ti fẹ́ ìyàwó míràn níbẹ̀, wọ́n sì ti bímọ. Onífọ́tò ní òun ti ya fọ́tò ìyàwó ọ̀hún àti àwọn ọmọ níwájú àtẹ̀gùn kan náà.

Ìyá wa ní, "O mọ èyí lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wọ yàrá mi?"

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Ìyá wa ní, "Ojú ń tì ọ́, o sì ń ṣàdúrà lé e lórí láràárọ̀, èmi náà ń ṣe àmín." Ó dìde. "Jẹun tán. Ẹni tó bá ti bu òkèlè kì í fi í sílẹ̀ nílé mi. Bí o bá jẹun tán, kó ẹrù rẹ."

Ó lọ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ pé ó lọ sí ìhà Bólúgà. N kò jáde wò ó. Láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò fọwọ́ kan èédú àfi láti fi dáná.

Ọ̀rẹ́ ìyá wa kò dá ibi ìjókòó ọjà padà fún un. Ó ní ọwọ́ òun ti bọlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá wa wá ń gbé wórobo lérí lọ sí Kakpagyili àti àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi a sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ogun ni bàbá wa wá, pẹ̀lú àwọn àgbà ará ìlú wa tó wá bá a bẹ̀bẹ̀. Ìyá wa tẹ́ ẹní fún wọn, ó bu omi, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi bàbá wa: "Nínú ilé yẹn, yàrá wo ni tèmi?" Ó rọra bi í ni, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. Bàbá wa wo àwọn àgbà. Àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá wa náà sì tẹ̀ lé wọn.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bí wọ́n bá fi fọ́tò hàn yín lórí fóònù, ẹ óò kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n tún un ṣe. Ọgbọ́n ni, mi ò bá yín jà. Nígbà tiwa, ohun tí ojú bá ti rí, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Agbo ilé kan náà la tún ń gbé, ẹni tí ẹ bá sì jọ ń mu kókó láàárọ̀, ojú rẹ̀ ni ojú yín, torí kò ní rí kòtò kó dákẹ́ kí ẹ kó sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Lónìí, kálukú ló ti géètì tirẹ̀. Ẹ máa ń bi mí ìdí tí n kì í fi í bá yín ráhùn sí ìyẹn bí àwọn àgbà yòókù.

Mo ti dárí ji bàbá mi. Ọkùnrin tí mo mọ̀ nínú dígí ni, n kò mọ̀ ọ́n tó láti máa bínú sí i títí. Ẹni tó dúró níwájú férémù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ní Kùmásí tóbi, tó wá jókòó ti ìyá mi tó jẹun, òun ni n kò tíì lè dárí jì. Mo sì ń gbìyànjú o.