Ọmọ Tí Ó Ń Pè Mí Ní Àǹtí

Ọjọ́ tí mo kó kúrò nílé bàbá mi ní Sabon Tasha, ní Kaduna, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa sì ti bo ewé máńgòrò iwájú ilé wa. Ẹrù mi kò pọ̀: àpótí kan, mátírẹ́ẹ̀sì tí mo ká tí mo fi okùn dì, àti sítóòfù kẹrosíìnì tí ìyá mi kò lò mọ́. Gbogbo rẹ̀ wọ inú búùtù takisí. Ẹni tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ ni ọmọ mi. Ó wà lẹ́yìn ìyá mi, ó di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn, ó ń wò mí bí àlejò tí ó fẹ́ gba nǹkan òun lọ.

"Àǹtí, ẹ máa lọ," ó ní. "Èmi àti Mọ́mì máa dúró."

Ọmọ mi ni o. Èmi ni mo bí i. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni wọn kò ti jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo wà ní ọdún ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí mo lóyún. Àgùnbánirọ̀ kan tí ó ń kọ́ wa ní ìṣirò ni ó fún mi lóyún. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní òun ń lọ sọ fún àwọn òbí òun ní Ìbàdàn. Bóyá ó ṣì ń sọ ọ́ fún wọn títí di òní.

Bàbá mi jẹ́ díákónì nínú ìjọ àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wà ládùúgbò wa. Bí ọmọ díákónì bá lóyún láìlọ́kọ nínú ìjọ yẹn, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọn yóò fi í sí lójú gbogbo èèyàn, bàbá rẹ̀ á sì fi ipò sílẹ̀. Bàbá mi kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́ rẹ̀ sì burú ju ẹgba lọ. Ìyá mi ni ó rí ọ̀nà. Kò tíì kọjá ọjọ́ orí ọmọ bíbí nígbà náà, ó sì sanra débi pé kò sí ẹni tí ó lè wo ikùn rẹ̀ kí ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó sọ fún àwọn ará ìjọ pé òun ń lọ sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì mú mi dání bí ẹni tí yóò máa bá òun ṣiṣẹ́ ilé. Nígbà tí a padà dé, ìyá mi pọn ọmọ, èmi gbé àpò.

Ìjọ dúpẹ́, wọ́n jó. Wọ́n ní Olúwa ṣí inú àgbàlagbà. Ìyá mi jó pẹ̀lú wọn. Omi ọyàn ń ro lára mi lọ́jọ́ náà, ó rin bùláòsì mi, mo fi ìwé orin bò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èmi ni mo bí i, ìyá mi ni ó pọ̀n ọ́n.

Ọmọ ilé wa kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ lásán. Nítorí náà, nígbà tí ẹnu ọmọ náà là, Àǹtí ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pè mí. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Mo máa ń fún un lọ́yàn nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ó bá ti yó, ìyá mi á gbé e jáde sí gbangba. Bí ó bá fẹ́ sùn, àfi kí ó di etí ìyá mi mú. Mo máa ń jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì kejì, mo ń wo ọwọ́ kékeré yẹn, inú mi á sì máa bàjẹ́.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan lápá Kawo, mo gba yàrá ní Hayin Banki nítòsí ibẹ̀, mo sì sọ fún wọn nílé pé èmi àti ọmọ mi ni a jọ ń lọ. Bàbá mi bi mí pé kí ni kí òun sọ fún ìjọ. Mo ní kí wọ́n sọ pé ẹ̀gbọ́n mú àbúrò lọ tọ́, ṣebí irọ́ kì í wọ́n wọn. N kì í dá bàbá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi ti gbóná. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ọmọ yẹn pè mí ní ìyá rẹ̀ kí ó tó dàgbà jù. Mo rò pé bí ó bá ti ku èmi àti òun nínú yàrá kan, ẹnu rẹ̀ á yí padà fúnra rẹ̀.

Ìyá mi kò jiyàn. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ tí ó ń ké lé mi lọ́wọ́. "Kì í jẹ túwó tó bá gbóná," ó ní. "Má sì fi ata púpọ̀ sọ́bẹ̀." Ó wọlé, kò sì jáde mọ́ títí takisí wa fi lọ.

Ilé tí mo kó lọ jẹ́ ilé alágbàlá, àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn, kànga wà láàrin. Ìyàwó onílé, obìnrin Hausa kan tí ó ti ń dàgbà, ni ó ń gbé yàrá tí ó dojú kọ tèmi. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń wẹ̀ fún ọmọ náà, mo sọ fún un.

"Gbọ́. Èmi ni Mọ́mì rẹ. Mọ́mì tó wà ní Sabon Tasha, ìyá àgbà rẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń bá òun ṣeré ni. "Rárá," ó ní, "Àǹtí ni yín."

Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹkún ni, nítorí ohun tí ó ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi ni pé òun kò ní Mọ́mì mọ́.

Níbi iṣẹ́, láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ á ti máa pè mí: Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀, Àǹtí, ó lù mí. Kò sí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí kò jẹ́ Àǹtí. Ọmọ mi jókòó sáàrin wọn, ó ń pè mí bí wọ́n ṣe ń pè mí, ẹni tí kò mọ̀ wá kò lè yà á sọ́tọ̀. Bí ilé-ìwé bá parí, àwọn ìyá á wá mú wọn. Tèmi náà á dìde, á gbé báàgì oúnjẹ rẹ̀, á lọ tò pẹ̀lú wọn lẹ́nu ọ̀nà, á máa retí ìyá rẹ̀. Mo máa ń wò ó láti ìdí tábìlì mi. Kò sí ẹgba tí bàbá mi ìbá nà mí tí ìbá dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá ta ọgbọ́n míràn. Mo pinnu pé bí ó bá pè mí ní Àǹtí, n kò ní dá a lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, omi." Mo dákẹ́. "Àǹtí, òùngbẹ ń gbẹ mí." Mò ń gé ẹ̀fọ́, n kò gbójú sókè. Ó ń wo ẹnu mi. Lẹ́yìn náà ó la àgbàlá kọjá lọ bá obìnrin Hausa náà.

"Mama, ruwa," ó ní.

Obìnrin náà bu omi fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọjọ́ yìí wá, ó fi ta àjèjì lọ́rẹ nítorí ife omi kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin yẹn pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí. Àṣé ó fẹ́ yìn mí ni.

"Ke kam, kina da kunya," ó ní. Ìwọ yìí, o nítìjú. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti dé ni òun ti mọ̀ pé èmi ni mo bí ọmọ náà, pé afọ́jú nìkan ni kò ní rí i pé ojú àwa méjèèjì jọra. Ó ní àwọn obìnrin Yorùbá tí òun mọ̀, ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbá àkọ́bí wọn mọ́ra, wọ́n á máa ké orúkọ rẹ̀ kiri àgbàlá. Ṣùgbọ́n èmi, mo jẹ́ kí ọmọ mi máa pè mí bí ẹni tí kò bí i, mo sì dákẹ́ nígbà tí ó ń pè mí. Ó ní wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé wa.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Kaduna mọ àṣà tí ó ń sọ. Láàrin àwọn Hausa, ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, kì í bá a ṣeré lójú èèyàn, ìyá àgbà ni ó sábà máa ń gbà á tọ́. Ẹ̀yẹ ni ìtìjú yẹn jẹ́ fún wọn. Ti ilé wa kì í ṣe ẹ̀yẹ. Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀, mò ń gba oríyìn lórí ohun tí ó ń pa mí.

Mo bi í pé àkọ́bí tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó wà ní Zaria, ó ti láya, ìyá ọkọ òun ni ó tọ́ ọ. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà wá. Ó wọ kàfùtánì funfun, ó bọ́ bàtà, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí ara wọn: ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, òtútù yìí ńkọ́. Ó gbé ṣúgà kalẹ̀, ó dìde, ó lọ. Kò pẹ́ tó àkókò tí omi fi ń hó. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

"Yana gaishe ni sosai," ó sọ fún mi. Ó máa ń kí òun dáadáa.

Mo bi í bóyá kò dùn ún. Ó fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú. "To, ɗan fari ne," ó ní. Àkọ́bí kúkú ni. Ó padà sídìí ìrẹsì tí ó ń ṣà. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà pé bí ọmọ tèmi náà ṣe máa wá kí mi lọ́jọ́ iwájú nìyẹn.

Láìpẹ́, oúnjẹ kò lọ lọ́fun ọmọ náà. Mo gbé e lọ sí kẹ́mísì, wọ́n ní kì í ṣe ibà, kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Mo se ohun gbogbo tí mo mọ̀, á tọ́ ọ wò, á gbé síbí sílẹ̀. Egungun èjìká rẹ̀ yọ síta. Bí oorun ọ̀sán bá ń kùn ún, etí ara rẹ̀ ni ó máa ń dì mú. Mo gbé etí tèmi sún mọ́ ọn nígbà kan. Ó fọwọ́ kàn án, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo ti ń bínú sí ìyá mi láti ọjọ́ pípẹ́. Nísinsìnyí, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ọmọ náà, ìyẹn ni ó sì bà mí lẹ́rù jù lọ. Mo jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì, mo sunkún títí orí fi ń fọ́ mi. Mo gbà nínú ara mi pé mo ti pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo pọ̀n ọ́n, mo gbé e lọ sí Sabon Tasha. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gun afárá odò, ó dá ojú ọ̀nà mọ̀, ó dìde dúró lórí itan mi, ara rẹ̀ sì yá fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ ń ṣèpàdé lábẹ́ máńgòrò wa. Ìyá mi wà láàrin wọn. Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ọmọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti sáré fò mọ́ ọn. Ìyá mi fi ọwọ́ tọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì wò mí. Mo ń retí kí ó sọ pé ṣebí òun sọ fún mi. Kò sọ ọ́. Ó yí ojú ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ mi.

"Wò ó," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ìyá rẹ nìyẹn. Òun ló bí ọ. Èmi, ìyá àgbà rẹ ni mí."

Ẹni tí ó ń pín ẹ̀pà dá ọwọ́ dúró. Bàbá mi, tí ó ń gbọ́ rédíò lẹ́nu ọ̀nà, dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Gbogbo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bò mí mọ́lẹ̀, ìyá mi gbé e sílẹ̀ lójú ìjọ, nítorí tèmi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kò sọ ohun tí òtítọ́ máa ṣe lẹ́yìn tí ó bá bá a tán.

Ọmọ náà wò mí dáadáa. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Mọ́mì," ó ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀. "Àǹtí ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ mọ́." Ó fi orí pamọ́ sí àyà ìyá mi.

Ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi kò sunkún. Wọ́n gbé ìrẹsì wá fún ọmọ náà, ó jẹ ẹ́, ó tún béèrè. Mo jókòó, mo wò ó títí ó fi yó. Lẹ́yìn náà mo dìde.

"O ò ní mú un lọ ni?" ìyá mi bi mí.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, mà."

"Ó ń bọ̀ wá mọ̀ lọ́jọ́ kan."

"Ó ti gbọ́, mà," mo ní. "Kì í ṣe pé kò gbọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ, àgbàlagbà tí ó máa ń jókòó síwájú, tẹ̀lé mi dé etí títì Kachia. Mo múra sílẹ̀ de ìwàásù. Kò wàásù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń mí helehele.

"O kú ewu ọmọ o," ó ní.

Kò sí ẹni tí ó kí mi bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti bímọ. Mo kúnlẹ̀ fún un létí títì, mo ní, "Ẹ ṣé, mà," mo sì wọ bọ́ọ̀sì Kawo láìpọn ọmọ.