Èésan Tí Mo Kó Fún Àwọn Elépo Rọ̀bì

Ojú ń tì mí láti àárọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Àbúrò mi tó ń wa lọ́rì fáwọn òyìnbó tó ń wá epo rọ̀bì yà sílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Ó ní wọ́n ń lọ èésan, èèpo ẹ̀kùrọ́ yẹn, wọ́n ń pò ó mọ́ símẹ́ǹtì tí wọ́n ń dà sínú kànga epo, kó má baà ṣàn gba ibi tí ilẹ̀ ti sán lọ. Inú mi dùn. Mo ní kó kó gbogbo èyí tó wà lẹ́yìnkùlé.

Lọ́rì ò tíì pẹ́ tó lọ tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ gbé apẹ̀rẹ̀ dé. Èésan wa ni wọ́n fi ń dáná ọjọ́ ti pẹ́. Mi ò tiẹ̀ rántí wọn!

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mo ti kó o fáwọn tó ń po símẹ́ǹtì."

"Símẹ́ǹtì ń jẹ èésan? Àwọn ará Ìrẹsà ń dúró de ọkọ́ wọn, òjò sì ti rọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tó dà sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bá wọn ṣà á. Kò tiẹ̀ bo ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ojú wo lẹ máa fi wò wọ́n lọ́la?