Ọjọ́ Kejì Ọjà

Bí mo bá dijú báyìí, kùrukùru òwúrọ̀ Òrè ni mo kọ́kọ́ ń rí. Á rọra ti inú igbó jáde, á bo ọ̀nà ńlá, á bo àwọn lọ́rì onígẹdú, títí a ó fi máa gbọ́ ìró wọn láìrí wọn. Ayé epo rọ̀bì ni. Owó ń kọjá lójú wa lọ sí Èkó, kì í yà sí ilé ìwòsàn wa. Nọ́ọ̀sì kékeré ni mí nígbà náà, ẹnu mi mú, ọkàn mi sì máa ń rìn jìnnà.

Ọjọ́rùú ni ọjọ́ àwọn aláboyún. Lọ́sẹ̀ kan wọ́n á kún bẹ́ńṣì, lọ́sẹ̀ mìíràn a ó kàn máa wo ara wa. Mẹ́tírọ́ọ̀nù wa ní olóríkunkun ni àwọn obìnrin abà. Ó dùn mí, torí abà kòkó ni wọ́n bí èmi náà sí.

Mo bi ìyàwó àgbẹ̀ kan tó ti apá Ọ̀yọ́ wá dáko sí Araromi-Obu pé kí ló dé tí kì í wá déédéé. Ó wò mí tàánútàánú.

“Nọ́ọ̀sì, Ọjọ́rùú yín tún bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ta ni yóò fi fùfú sílẹ̀ kó bàjẹ́, kó wá jókòó kí wọ́n máa tẹ òun níkùn?”

Ọjà ọrọọrún ni wọ́n ń ná, àwa ń ka ọjọ́ méje. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, bẹ́ńṣì á ṣófo. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, a ò sì rò ó. Mo bẹ mẹ́tírọ́ọ̀nù títí ó fi gbà kí a máa pè wọ́n ní ọjọ́ kejì ọjà. Wọ́n wá, àwọn mìíràn sì jókòó sábẹ́ igi níta.

Olùkọ́ kan láti yunifásítì wá kí wa, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ìwádìí ni mo ṣe yẹn, kí n wá kọ́ ọ ní yunifásítì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mi ò mọ̀ bí mo ṣe délé, òórùn kòkó tí wọ́n ń sá ló gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n inú mẹ́tírọ́ọ̀nù ò dùn. Ó ní ẹni tó bá lọ kì í padà sídìí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ọ́fíìsì ní í gbé wọn mì. Ẹ̀rù bà mí, torí òótọ́ ni. Ìwé wù mí, aláìsàn wù mí, kò sì sí ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀.

Mo lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Mo ní rárá, wọ́ọ̀dù ni mo fẹ́, kí wọ́n sì fún mi láyè láti máa ṣèwádìí níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń pín wa síṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí irú ipò bẹ́ẹ̀, àfi kí n padà sí ipò tí mo wà tẹ́lẹ̀. Mo gbà á. Mo sunkún nínú ọkọ̀ dé Òrè.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù ò kí mi káàbọ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ mi lé e níkùn, ó ní kí n sọ bí ọmọ ṣe wà. Mo fọwọ́ wá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní ó dábùú, orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún.

Ó mí kanlẹ̀. Ó fa àga kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n jókòó, kí n mú ìwé ìwádìí mi jáde.

“Ó dáa. Kí lo wá fẹ́ bi í?”